Òróró Lórí Bíréèkì

"Tẹ̀ ẹ́!"

Abẹ́ mọ́tò ni ohùn náà ti wá. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ẹlòmíràn nínú gáréèjì yẹn àfi èmi tí mo jókòó ti sítíárìn, tí mo ká ìró mi sókè dé orúnkún. Nígbà náà ló yé mi pé èmi ni wọ́n ń pàṣẹ fún.

"Ọláníkẹ̀ẹ́, ta lò ń bá wí bẹ́ẹ̀? Ṣé èmi tí mo bí bàbá ẹ?"

"Ẹ má bínú, Màmá Àgbà," lọmọ náà wí. Yorùbá rẹ̀ máa ń gba imú jáde bíi ti òyìnbó. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tẹ bíréèkì yẹn."

"Ẹn-ẹ́n. Ó kù díẹ̀ kí n sọ̀ kalẹ̀ ni." Mo tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ dì í mú o! Ẹ má gbẹ́sẹ̀!"

"Mo dì í mú."

Ohun kan ṣe fììì lẹ́yìn mọ́tò, bíréèkì sì rì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ẹrẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Níkẹ̀ẹ́ ní rárá, bẹ́ẹ̀ gan-an lòun ṣe fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Sátidé kan báyìí ni, nílé Láyíwọlá ọmọ mi ní Pearland, lẹ́bàá ìlú Houston, ọdún kejì tí àwọn sójà gbàjọba nílé. Ọmọ tuntun ni mo bá wọn wá wẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Bùnmi, tó ń sùn nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná níbi tí ojú mi ti lè tó o. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó kúrò ní Ìkìrun pé wọ́n á tún fi mọ́tò kún ọmọ tí màá tọ́jú.

Mọ́tò ọ̀hún pupa, ó sì gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Láti ìgbà tí Láyíwọlá ti wà ní yunifásítì ló ti rà á, kó tó di ẹnjiníà tó ń so táì lọ síbi iṣẹ́ ní Westchase. Nígbà tó ra tuntun, ó pa ti àtijọ́ tì sínú gáréèjì, Tóyìn ìyàwó rẹ̀ sì ń to páálí lé e lórí. Níkẹ̀ẹ́, àkọ́bí wọn, ló gbé páálí kúrò. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà, òun nìkan sì lọ́mọbìnrin nínú kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì nílé ìwé wọn. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ irú kíláàsì tó mú, ó jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun lómi.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé nínú oṣù kẹjọ, Níkẹ̀ẹ́ máa wọ yunifásítì tó wà ní Third Ward, láàárín ìlú Houston. Kò sí bọ́ọ̀sì tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ síbẹ̀. Láyíwọlá bá pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Wo ibi tí mo dúró sí," ó ní. "Bí mọ́tò pupa yẹn bá lè dúró ṣinṣin nígbà tó o bá tẹ bíréèkì, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ di tìẹ, kó o máa ti ilé lọ. Bí kò bá lè dúró, màá tà á fáwọn tó ń ra irin, kó o sì lọ máa gbé lọ́dọ̀ Bùọ̀dá Mákánjúọlá."

Ẹ̀yin ò mọ Bùọ̀dá Mákánjúọlá. Ìbátan bàbá Láyíwọlá tó ń gbé nítòsí yunifásítì yẹn ni, èèyàn Ọlọ́run sì ni. Ṣùgbọ́n kí àkùkọ tó jí ló ti ń lu agogo àdúrà ní fúláàtì rẹ̀, ó sì fi àgádágodo ti fíríìjì. Tí o bá ń wẹ̀, orin kan ṣoṣo ló máa kọ lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá kọ ọ́ tán tó ò tíì ṣan ọṣẹ, o ti dáràn, torí á ti omi pa. Níkẹ̀ẹ́ ti lo ìsinmi kan rí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní nígbà tóun padà dé Pearland, òun ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wa kóun tó ṣí fíríìjì.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bíréèkì yẹn kì í ṣe eré.

Bíréèkì àtijọ́ tó wà níwájú mọ́tò náà, inú ìkòkò irin kan báyìí ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti gbóná, ọ̀lẹ á mú un. Níkẹ̀ẹ́ tú u dànù, ó fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Àwo irin pẹrẹsẹ kan ni, ó ń dán bíi dígí, páàdì méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó máa fún un mọ́ àárín, bí ìgbà tó o fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì há àwo oúnjẹ mọ́ kó má já bọ́. Ọ̀gbẹ́ni Cornelius, olùkọ́ wọn, ló bá a wá a lára mọ́tò ògbólógbòó kan.

Àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ọ́ìlì inú bíréèkì ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ lọ bá àwọn páàdì náà. Nígbà tí wọ́n bá tú u palẹ̀ báyẹn, afẹ́fẹ́ á wọlé. Bí afẹ́fẹ́ bá sì wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ lẹsẹ̀ rẹ á máa tẹ̀, mọ́tò á máa bá tiẹ̀ lọ. Wọ́n á wá fà á jáde. Ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́, á dì í mú, á sì dáhùn pé òun dì í mú. Ẹnì kejì tó wà nísàlẹ̀ á tú bóòtù kékeré kan, afẹ́fẹ́ á gba inú rọ́bà bọ́ sínú ìgò, á máa hó bí ọṣẹ. Ó gbọ́dọ̀ dé bóòtù náà pa kí ẹni òkè tó gbẹ́sẹ̀. Bí ẹni òkè bá kánjú gbẹ́sẹ̀, afẹ́fẹ́ tí wọ́n lé jáde tún ti wọlé padà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é láti àárọ̀. Ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún la ti bẹ̀rẹ̀, a bọ́ sí ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, a bọ́ sí iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún. Oòrùn Houston ń lu páànù gáréèjì, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. "Ẹ dì í mú mà?" "Mo dì í mú." "Ẹ gbẹ́sẹ̀ mà." "Mo ti gbé e." Nígbà tó yá, mo ń fi ṣe orin. Ó ku ojú kan ṣoṣo, iwájú lọ́wọ́ òsì, nígbà tí mọ́tò funfun kan yà wọ iwájú ilé.

Ìyá Ẹkúndayọ̀ ni, Ìyá Ìjọ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, pẹ̀lú Helen ọmọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ Níkẹ̀ẹ́, tó wà á wá. Ọmọ tuntun ni wọ́n wá kí. Ìyá Ìjọ wọ aṣọ funfun rẹ̀ tó ń gbálẹ̀, kò wọ bàtà, ó ń fò gàgà lórí sìmẹ́ńtì tó gbóná.

"Ìyá Láyíwọlá! Kí lẹ̀ ń ṣe nínú mọ́tò tí kò ní táyà? Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ọ̀nà àjò ni o," mo ní. "Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀, mi ò tíì dé ibì kankan."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Níkẹ̀ẹ́ jáde lábẹ́ mọ́tò, ó kúnlẹ̀ kí i, ojú rẹ̀ dúdú fún gíríìsì. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo rí i tí ojú Ìyá Ìjọ ń tàn, tó ń wo àwọn àwo irin méjì tó wà níwájú mọ́tò.

"Ṣé èyí ni yóò máa dá mọ́tò dúró lórí fíríwéè tí wọ́n ti ń sáré yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy."

"Ẹ̀mí ọmọ wa sì wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Kò ní lọ lásán!"

Kí a tó ṣẹ́jú, Ìyá Ìjọ ti fa ìgò òróró àdúrà yọ nínú àpò aṣọ rẹ̀. Níkẹ̀ẹ́ na ọwọ́.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má..."

"Dijú ẹ! Àdúrà ti bẹ̀rẹ̀."

Ta ló máa dá Ìyá Ìjọ lẹ́nu nínú àdúrà? Gbogbo wa dijú. Èmi fúnra mi ni mo ń ṣe àmín tó ròkè jù lọ láti ibi tí mo wà, mi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú. "Ìwọ àwo irin, mo fi òróró yàn ọ́! Ìwọ páàdì, o ò ní ṣe ọ̀lẹ!" Àṣé ó ń dà á, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á yíká bí ẹni ń pa ọmọ lára. Nígbà tí a lajú, àwọn àwo náà ń dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ má nù ún o," ni Ìyá Ìjọ wí. "A kì í nu òróró ìyàsọ́tọ̀."

Mo bá a wọlé lọ kó lè rí Bùnmi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wa, Níkẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi nígbà tó yá.

Ó dúró ó ń wo òróró náà bí ẹni tó rí ejò lórí ibùsùn. Wọ́n ti kọ́ ọ pé ìka ọwọ́ lásán kò gbọ́dọ̀ kan ojú àwo yẹn, ká má tíì sọ òróró. Iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀: kó fọ àwo, kó pààrọ̀ páàdì tó ti mu òróró, kó sì yọ afẹ́fẹ́ inú ojú kẹrin. Helen bá fara ti ògiri.

"Àbẹ́ẹ̀gì, de táyà yẹn ká máa lọ," ó ní. "Gbogbo kíláàsì ló ti wà níbi síkéètì. Wọ́n ní bá ò bá dé ní aago mẹ́rin, àwọn á wọlé láì dúró dè wá."

Síkéètì tí wọ́n ń sọ yìí, bàtà tó ní táyà mẹ́rin lábẹ́ ni. Wọ́n á wọ̀ ọ́, wọ́n á máa sáré yípo nínú gbọ̀ngàn, orin á máa dún. Mo ti wò ó dáadáa, mi ò rí ibi tí wọ́n fi bíréèkì sí.

"Helen, òróró wà lójú ẹ̀."

"Á jóná dànù tó bá ń yí. Ìyá mi sì ní ká má nù ún. Ṣé o fẹ́ ṣàìgbọràn sí àgbà ni?"

"Ó tún ku ojú kan tí mi ò tíì yọ afẹ́fẹ́ ẹ̀."

"Mẹ́ta nínú mẹ́rin! Nínú ìdánwò, ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹni tó yege? Lọ́la wàá ṣe èyí tó kù. Ta ló máa mọ̀?"

Ẹ rí i, bí ẹnì kan bá fẹ́ tàn ọ́, kì í mú ohun tó burú wá nìkan. Á fi ohun tó dára bò ó, á ní bọ̀wọ̀ fún àgbà. Níkẹ̀ẹ́ mọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n síkéètì ń pè é, ẹ̀rù Ìyá Ìjọ ń bà á, àwọn méjèèjì pàdé lójú kan. Ó gbé àwọn táyà sí i, ó de wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí táyà bo òróró náà, ojú kò rí i mọ́, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀.

Mo jáde wá bá a, mo fi oríkì rẹ̀ pè é. "Àwẹ̀ró, ṣé mo tún máa tẹ ìyókù ni?"

"Ó ti parí, Màmá Àgbà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ mà."

Kò wo ojú mi. Mo rò pé àárẹ̀ ni.

Bó ṣe ń fọ gíríìsì lọ́wọ́ rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ dé láti Westchase, níbi tí iṣẹ́ pè é lọ ní Sátidé náà, pẹ̀lú táì lọ́rùn, ìṣẹ́jú díẹ̀ kí àwọn ọmọ náà tó jáde. Kò tilẹ̀ wọlé. Ó rí mọ́tò lórí táyà, ó pàtẹ́wọ́.

"Ó yá! Ẹ jẹ́ ká dán an wò báyìí."

"Daddy, lọ́la ńkọ́?" ni Níkẹ̀ẹ́ wí.

"Ṣé kò tíì tán ni?"

Ọmọ wo Helen. Helen wo òkè. "Ó ti tán sà," ni Níkẹ̀ẹ́ dáhùn.

Láyíwọlá lọ gbé garawa pàǹtí ńlá wá, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín títì iwájú ilé tí mọ́tò kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà. "Kó o bọ̀ láti ọ̀hún, kó o dúró kó o tó dé ibí. Kó o ṣe bí ẹni pé Màmá Àgbà ló dúró yìí."

"Láyíwọlá, ṣé èmi ni garawa pàǹtí?"

"Àpẹẹrẹ ni, Mọ́ọ̀mi."

"Mú àpẹẹrẹ ẹ kúrò lára mi. Inú mọ́tò lèmi ń wọ̀ ní tèmi. Ẹsẹ̀ mi ló ṣiṣẹ́ yẹn, ojú mi ló máa rí èrè ẹ̀."

Mo ṣílẹ̀kùn, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Níkẹ̀ẹ́. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀." Mo ní n kò sọ̀. Ìgbà yẹn ló yẹ kó sọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ló yí dípò bẹ́ẹ̀.

Ó tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbéra, ó le díẹ̀, inú rẹ̀ dùn. A gbéra. Kò sáré, mo búra fún un, ẹṣin tó ń rìn gbẹ̀fẹ́ lè bá a dọ́gba. Mo rí Láyíwọlá tó káwọ́ gbera lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa bí alábòójútó ìdánwò. Mo rí Ìyá Ìjọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Bùnmi lápá, tó ń juwọ́ sí wa. Níkẹ̀ẹ́ tẹ bíréèkì.

Mọ́tò kò gbọ́.

"Dì í mú!" mo kígbe.

"Mo dì í mú, Màmá! Òun ni kò dì wá mú!"

Garawa fò sókè, ìdérí rẹ̀ bá tirẹ̀ lọ. Láyíwọlá fò sórí òdòdó ìyàwó rẹ̀, táì rẹ̀ bò ó lójú. Níkẹ̀ẹ́ yí sítíárìn, a kúrò lórí títì, a gun orí koríko Ọ̀gbẹ́ni Charles, òyìnbó tó múlé tì wá. Ọ̀gbẹ́ni Charles ní ajá kan tó sanra bí àpò gaàrí. Nítorí ooru, ó máa ń bu omi sínú ike ńlá kan fún un. Inú ike náà ni ajá wà, ó dijú, ó ń gbádùn ayé ẹ̀.

"Jésù!" ni mo wí.

"Bíréèkì ọwọ́!" ni Níkẹ̀ẹ́ wí, ó sì fà á tagbáratagbára.

Ẹ̀yìn mọ́tò ni bíréèkì ọwọ́ ń dì mú, òróró kò dé ibẹ̀. Mọ́tò dúró, ṣùgbọ́n inú ike ló dúró sí. Omi rú bò wá látojú fèrèsé. Ajá ti fò jáde. Ó dúró lórí koríko, ó ń wò wá bí onílé tí àlejò kò kànlẹ̀kùn fún.

Kò sẹ́ni tó fara pa, àfi ọrùn ẹsẹ̀ mi tó rọ́ díẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa ni Ìyá Ìjọ. Ó ti gbé ọmọ fún Helen, ó ń sáré lórí koríko, ó ń jó.

"Ọpẹ́lọpẹ́ òróró! Ẹ rí i? Ká ní mi ò fi òróró sí i ni, òkú ni à bá máa gbé báyìí!"

Láyíwọlá dé, ewé òdòdó wà ní irun rẹ̀. Ó ń mí gúlegúle. "Òróró wo? Mummy, ibo lẹ fi òróró sí?"

"Lójú àwọn àwo yẹn ni! Mo pa á dáadáa!"

Ẹnjiníà ni ọmọ mi. Ó dijú, ó ń ka nọ́ńbà nínú ikùn rẹ̀. Nígbà tó lajú, ó yíjú sí Níkẹ̀ẹ́. "Ṣé òróró ló fà á?"

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kó sáà sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni sà", ẹ̀bi á bọ́ sórí Ìyá Ìjọ, òun á mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Helen tiẹ̀ ń mirí sí i láti òkèèrè pé kó sọ bẹ́ẹ̀. Mo rí ọmọ náà tó wo Ìyá Ìjọ, tó wo èmi tí omi ń ro tótó lára gèlè mi. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Òróró wà níbẹ̀, Daddy. Ṣùgbọ́n mo rí i, mo sì mọ ohun tó máa ṣe. Èmi ni mo gbé táyà bò ó. Ojú kẹrin pàápàá, mi ò yọ afẹ́fẹ́ ẹ̀, torí mo fẹ́ lọ síkéètì. Màmá Àgbà bi mí léèrè, mo parọ́ fún wọn. Mo sì jẹ́ kí wọ́n wọ mọ́tò."

Ìyá Ìjọ wo ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé òróró ò dára fún bíréèkì ni?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an.

"Kò dára fún un rárá, Mummy."

"Ó yẹ kó o ké pè mí nígbà yẹn!"

"Ẹ ní àdúrà ti bẹ̀rẹ̀ mà."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbé e mì. Láyíwọlá ní òun máa pe Bùọ̀dá Mákánjúọlá lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Níkẹ̀ẹ́ kò jà, kò bẹ̀bẹ̀, omijé kàn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n dá sí i.

"Láyíwọlá, nígbà tíwọ ta kẹ̀kẹ́ bàbá ẹ lulẹ̀ ní Ìkìrun, ewúrẹ́ lo ní ó gùn ún."

"Mọ́ọ̀mi, ẹ má..."

"Ọmọ ẹ ò pe ewúrẹ́. Ó pe orúkọ ara ẹ̀."

Láyíwọlá yọ ewé òdòdó kúrò nínú irun rẹ̀. Ó ní ó dáa, àwọn á tún dán an wò ní Sátidé tó ń bọ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀gbẹ́ni Charles ní tòun kò lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n kí Níkẹ̀ẹ́ ra ike míràn fún ajá, kó sì máa wẹ̀ ẹ́ ní gbogbo Sátidé títí ooru fi máa lọ. Ajá yẹn kò fẹ́ràn ọṣẹ. Helen nìkan ló lọ síkéètì lọ́jọ́ náà, kò sì pẹ́ kó tó padà wá. Ó ní kò dùn.

Nígbà tí Níkẹ̀ẹ́ sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Cornelius nílé ìwé, baba náà jókòó sórí táyà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tóun ti ń kọ́ni, òun ò tíì rí bíréèkì tí wọ́n ṣe ìsàmì fún. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òróró kò le, a lè fọ̀ ọ́. Ojú kẹrin tó mọ̀ tó fi sílẹ̀ ńkọ́? Ó fún un ní páàdì míràn, ó ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Sátidé dé. Ọrùn ẹsẹ̀ mi ṣì wú, n kò lè tẹ nǹkan kan. Ta ló wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi? Ìyá Ìjọ ni! Ó kó aṣọ funfun rẹ̀ pọ̀, ó jókòó ti sítíárìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

"Ẹ dì í mú mà?"

"Mo dì í mú lórúkọ Jésù!"

"Ẹ gbẹ́sẹ̀ mà."

"Mo gbé e, halelúyà!"

Helen ni wọ́n fi sí ìdí ìgò, kó máa wo afẹ́fẹ́ títí tí kò fi ní hó mọ́. Níkẹ̀ẹ́ fi ohun tí wọ́n fi ń fọ irin fọ àwọn àwo náà títí wọ́n fi gbẹ táútáú. Wọ́n ṣe ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, Níkẹ̀ẹ́ ní kí wọ́n tún ojú kẹrin ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sẹ́ni tó ráhùn.

Kó tó gbé táyà sí i, Ìyá Ìjọ sọ̀ kalẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ àpò. Mo rí ọrùn ìgò náà. Láyíwọlá ti ń mí kíkan.

Níkẹ̀ẹ́ kò dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò sì ṣàfojúdi. Ó lọ síwájú Ìyá Ìjọ, ó wólẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ó ṣí gèlè gíríìsì tó fi di irun.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Orí mi ni kẹ́ ẹ da òróró yẹn sí. Bíréèkì ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló nílò ẹ̀."

Ìyá Ìjọ wò ó. Ó wo àwo irin. Ó wo ìgò. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì da òróró náà sí àtàrí ọmọ náà débi pé ó ń ṣàn dé etí. Àmín tí Láyíwọlá ṣe lọ́jọ́ yẹn, àwọn ará Westchase á ti gbọ́ ọ.

Wọ́n gbé garawa pàǹtí kalẹ̀, okùn ni wọ́n fi di ìhà rẹ̀ tó ti là. Láyíwọlá dúró lórí pèpéle ilé, kò sún mọ́ títì. Ọ̀gbẹ́ni Charles gbé ajá rẹ̀ wọlé. Níkẹ̀ẹ́ nìkan ló wọ mọ́tò. Ó bọ̀, ó tẹ̀ ẹ́, mọ́tò fi imú kanlẹ̀ díẹ̀, ó dúró gbọn-in. Ìgbọ̀nwọ́ kan ló wà láàárín rẹ̀ àti garawa. Láyíwọlá rìn lọ síbẹ̀, ó fi apá ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó kàn na kọ́kọ́rọ́ kejì sí i látojú fèrèsé.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, irọ́ àti iṣẹ́ àṣetì dà bí afẹ́fẹ́ inú bíréèkì. Bí mọ́tò bá dúró sójú kan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá nílò ohun tẹ́ ẹ ṣe, tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ náà ló máa rì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ó sì lè jẹ́ pé ìyá yín àgbà ló jókòó tì yín. Ẹ ṣe ojú kẹrin. Bẹ́ ẹ bá sì ti fi í sílẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́ kí mọ́tò tó gbéra. Ọ̀wọ̀ fún àgbà kì í ṣe pé kéèyàn dákẹ́ kí àgbà ṣìṣe. Ká kúnlẹ̀, ká sì sọ òtítọ́, ọ̀wọ̀ nìyẹn.

Níkẹ̀ẹ́ wa mọ́tò pupa yẹn títí tó fi jáde yunifásítì. Ìyá Ìjọ ṣì ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òróró òun ló ń dá a dúró, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Èmi ti padà sí Ìkìrun ní tèmi. Nígbà tí ọmọ náà bá pè mí lórí fóònù, tí a ti kíra tán, tó bá fẹ́ gbé e sílẹ̀, n kì í sọ pé ó dàbọ̀.

"Àwẹ̀ró," màá ní, "ṣé o dì í mú?"

"Mo dì í mú, Màmá Àgbà."

Nígbà náà ni mo tó ń gbẹ́sẹ̀.